Ẹ ra idà, ẹ dá idà padà: ohun tó wà nídìí àríyànjiyàn ìjà àti àlàáfíà nínú ìwé mímọ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì C.A.C. kan ní Eruku, ìjọba ìbílẹ̀ Ekiti ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni fídíò rẹ̀ fi tàn káàkiri. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n sì kó èèyàn 38 lọ. Ọjọ́ 23 oṣù náà ni àwọn tí wọ́n kó lọ tó rí ìtúsílẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, lọ́jọ́ 19 oṣù kẹjọ, wọ́n ti ya bo mọ́sálásí kan ní Unguwan Mantau, ní Malumfashi ìpínlẹ̀ Katsina, nígbà tí àwọn èèyàn ń kírun àsùbáà, wọ́n sì pa wọ́n síbẹ̀.

Bí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń jáde láàárín àwọn Yorùbá tó wà ní Kubwa, Nyanya, Mararaba àti Lugbe ní agbègbè Abuja, títí dé Ilọrin àti Kabba: ṣé kí àwa náà wá ìbọn ni? Ẹnì kan á ṣí Lúùkù 22, ẹnì kejì á ṣí Mátíù 5, pé kí a yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì sí ẹni tó bá gbá wa létí. Ní mọ́sálásí tó wà lódìkejì títì, ẹnì kan á ní Súrà kẹsàn-án ti parí ọ̀rọ̀, ẹlòmíì á dá a lóhùn pé kò sí ìfipá nínú ẹ̀sìn, ìyẹn Súrà kejì, ẹsẹ 256. Nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n ti jẹ́ àlùhájì tí àbúrò sì jẹ́ díákónì, ẹsẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jáde kí wọ́n tó jẹun tán.

Gbogbo ẹsẹ wọ̀nyí ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, kò sí ẹni tó ń parọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn tó ń fa ẹsẹ yọ kì í sábà mú dání. Ìjà tí ìwé mímọ́ gbà láàyè ní ààlà, wọ́n sì kọ ààlà náà sítòsí ẹsẹ ìjà gan-an. Àlàáfíà tí ìwé mímọ́ yìn náà ní àdéhùn, ó ní ẹ̀rí, ó sì ní ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹnì kan bá yẹ̀ ẹ́. Àwọn tó fẹ́ jà máa ń fi ààlà sílẹ̀. Àwọn oníwàásù àlàáfíà náà, ká sọ òdodo, máa ń fi àdéhùn sílẹ̀.

Lúùkù 22 ni wọ́n ń fà yọ jù báyìí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kà á. Ní ẹsẹ 36, Jésù ní ẹni tí kò bá ní idà, kó ta aṣọ rẹ̀ kó fi ra ọ̀kan. Ẹsẹ 35 ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó bi wọ́n pé nígbà tí òun rán wọn lọ láìsí àpò owó, láìsí àpò ẹrù, láìsí bàtà, ǹjẹ́ wọ́n ṣaláìní ohunkóhun? Ìrìn àjò orí 9 àti orí 10 ló ń tọ́ka sí, nígbà tí wọ́n ń wọ̀ sílé onílé tí wọ́n sì ń jẹ ohun tí onílé bá gbé kalẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ yìí, ilẹ̀kùn àwọn onílé ti fẹ́ máa tì. Ẹsẹ 37 sọ ìdí ọ̀rọ̀ idà náà: ohun tí Àìsáyà 53 sọ pé a ó kà á mọ́ àwọn arúfin gbọ́dọ̀ ṣẹ. Ní ẹsẹ 38, wọ́n ní, "Olúwa, wò ó, idà méjì ń bẹ níhìn-ín." Ó ní ó tó. Idà méjì fún gbogbo wọn, lójú ẹ̀ṣọ́ tẹ́ńpìlì tó ń bọ̀! Kò sí ọ̀gágun tó máa pe ìyẹn ní ìmúra ogun.

Lóru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n lo ọ̀kan nínú idà méjèèjì. Ẹsẹ 49 sọ pé wọ́n béèrè bóyá kí àwọn fi idà ṣá wọn. Ọ̀kan nínú wọn kò dúró gbọ́ èsì, ó gé etí ọ̀tún ìránṣẹ́ olórí àlùfáà dànù. Jòhánù 18 ló jẹ́ ká mọ̀ pé Pétérù ni. Jésù ní kí wọ́n jáwọ́, ó fọwọ́ kan etí ọkùnrin náà, ó sì wò ó sàn. Mátíù 26:52 fi kún un pé gbogbo ẹni tó bá mú idà ni yóò ti ipa idà kú. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò ní kí Pétérù ju idà rẹ̀ sígbó. Ó ní kó dá a padà sínú àkọ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn tó mọ̀ nípa ìwé yìí gbà ń túmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní àkàwé ni idà náà. Àwọn kan ní idà gidi ni, àmọ́ fún kí àsọtẹ́lẹ̀ lè ṣẹ ni, kí ó lè dà bí ẹni pé ó wà láàárín àwọn arúfin. Àwọn kẹta ní idà ojú ọ̀nà ni, nítorí ọlọ́ṣà. Josephus, òpìtàn Júù tó gbé ayé ní ọ̀rúndún kìíní, kọ ọ́ pé àwọn Essene pàápàá, ẹgbẹ́ kan nínú ẹ̀sìn Júù, tí wọn kì í gbé ohun kan dání bí wọ́n bá ń rìnrìn àjò, máa ń mú ohun ìjà nítorí àwọn ọlọ́ṣà. Lójú tiwa, ìtumọ̀ kẹta yìí ló sún mọ́ ìbéèrè Eruku jù lọ. Ẹni tó bá sì gbà á, kó gbà á tán: idà tí wọ́n fi ń dáàbò bo ara ẹni lójú ọ̀nà ni. Nínú ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti jí lọ́jọ́ kejì kó lọ wá ẹni tó máa fi gbẹ̀san.

Ibi tí Bíbélì ti ya ààlà yìí jù ni Ẹ́kísódù 22, ẹsẹ 2 àti 3, ẹsẹ tí a kì í sábà gbọ́ lórí pẹpẹ. Bí wọ́n bá ká olè mọ́ ibi tó ti ń fọ́ ilé, tí wọ́n lù ú tó kú, kò sí ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ lórí ẹni tó lù ú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là, ẹ̀bi ẹ̀jẹ̀ wà. Lóru, onílé kò mọ ohun tí àlejò náà bá wá, kò sì rí ẹni ké sí. Lójú mọmọ, ó lè dá a mọ̀, ó lè pe aládùúgbò, ó lè mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn onídàájọ́. Òfin Nàìjíríà tó wà lónìí kò jìnnà sí èyí. Abala 33(2)(a) nínú ìwé òfin ọdún 1999 kò ka ikú tó bá wáyé níbi tí ẹnì kan ti ń gba ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíì lọ́wọ́ ìkọlù sí títẹ ẹ̀tọ́ ìyè lójú, bí agbára tó lò kò bá kọjá ohun tó pọn dandan. Ìbọn níní ní òfin tirẹ̀, ìwé àṣẹ sì lòfin náà béèrè. Ìbọn tí ọ̀dọ́ ìjọ kan ra láti ọwọ́ ẹni tí kò dárúkọ lè sọ gbogbo ìgbìmọ̀ alàgbà di ẹni àtìmọ́lé.

Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 2018, Ọ̀gágun T. Y. Danjuma dúró ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Taraba ní Jalingo, ó ní kí àwọn èèyàn gba ara wọn là, kí wọ́n má dúró de ológun. Ní ọdún 2021, Aminu Masari tó jẹ́ gómìnà Katsina nígbà náà sọ ohun tó jọ ọ́ fún àwọn èèyàn tirẹ̀. Ọ̀kan Kírísítẹ́nì, èkejì Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, àmọ́ ohun tó máa ń bà á jẹ́ kì í ṣẹlẹ̀ lákòókò ìkọlù, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn tó yìnbọn ti gun ọ̀kadà lọ. Ó ku àwọn ọ̀dọ́ tínú ń bí, àti ẹni tó sún mọ́ wọn jù tó ń jẹ́ orúkọ tó jọ ti ọ̀tá: mai ruwa tó ń ta omi, ẹni tó ń sun súyà níkorítà. Lọ́jọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2012, wọ́n ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ní Zaria àti Kaduna. Ẹ̀san bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì pa àwọn Mùsùlùmí tí wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oòrùn ti là nígbà yẹn.

Ó wá ku àwọn ẹsẹ tó le jù. Nínú Jóṣúà 6, wọ́n pa tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà ní Jẹ́ríkò. Nínú 1 Sámúẹ́lì 15, wọ́n rán Sọ́ọ̀lù lọ sọ́dọ̀ Ámálékì, wọ́n ní kó má dá ọmọ ẹnu ọmú pàápàá sí. Diutarónómì 20 ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi àlàáfíà lọ ìlú tí wọ́n bá fẹ́ gbógun tì, ó ní kí wọ́n má gé igi eléso, ó ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó sọ́nà padà sílé. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀, ẹsẹ 16 ní kí wọ́n má dá ohun ẹlẹ́mìí kan sí ní ìlú àwọn ará Kénáánì. A kò ní fi àlàyé dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Ohun tó dájú ni pé àwọn orílẹ̀-èdè tó lórúkọ ni àṣẹ náà dá lé, ní ilẹ̀ kan. Àwọn olùkọ́ni Júù fúnra wọn ti sọ láyé àtijọ́ pé Sennakéríbù ọba Ásíríà ti da àwọn orílẹ̀-èdè pọ̀ mọ́ra, pé a kò lè tọ́ka sí ẹnikẹ́ni mọ́ pé irú ẹni báyìí ni. Àwọn tí ìwé náà jẹ́ tiwọn gan-an ló sọ bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ tó bá wá sọ ní Mararaba pé ẹ̀yà báyìí ni Ámálékì òde òní, láti inú àpò ara rẹ̀ ló ti mú un.

Èyí kan àwa tí a ń gbàdúrà pẹ̀lú Sáàmù. Kò sí òru ìṣọ́ àwọn Aládùúrà tí wọn kì í ti í ka Sáàmù 35: "Gbógun ti àwọn tí ó gbógun tì mí." Sáàmù 109 tún le jù bẹ́ẹ̀. A kò rí ohun tó burú nínú kí ẹni tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ké irú igbe bẹ́ẹ̀ sí Ọlọ́run. Ẹni tó kọ sáàmù gbé ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́, kò gbé àdá. Ibi tí ewu wà ni nígbà tí ẹni tó ń darí àdúrà bá fi orúkọ ẹ̀yà kan sí ipò "ọ̀tá", tí ìjọ sì ń ṣe àmín tẹ̀ lé e fún wákàtí méjì. Ẹni tó bá jáde nínú irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí, tó sì pàdé ọmọ ẹ̀yà yẹn lójú ọ̀nà, ti mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Nínú Kùránì, Súrà At-Tawbah, ìyẹn Súrà kẹsàn-án, ẹsẹ 5, ni àwọn Boko Haram àti àwọn tó jọ wọ́n máa ń dì mú: ẹ pa àwọn ọ̀ṣẹbọ níbikíbi tí ẹ bá ti rí wọn. Ẹsẹ 4 ti yọ àwọn tó mú àdéhùn wọn ṣẹ kúrò nínú rẹ̀. Ẹsẹ 13 sọ ẹ̀sùn tó wà nídìí ogun náà, pé àwọn ni wọ́n da ìbúra wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ 6 tó tẹ̀ lé ẹsẹ 5 tààrà ní bí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀ṣẹbọ bá wá ààbò wá, ẹ fún un ní ààbò kó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun, lẹ́yìn náà kí ẹ mú un dé ibi tí ọkàn rẹ̀ ti máa balẹ̀. Bí ẹnì kan bá fẹ́ mọ bí ẹsẹ 6 ṣe rí lójú ayé, kó wo Nghar, abúlé kan ní Barkin Ladi, ìpínlẹ̀ Plateau, lọ́jọ́ 23 oṣù kẹfà ọdún 2018. Lémọ́ọ̀mù Abubakar Abdullahi, tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, kó èèyàn 262, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Kírísítẹ́nì, pamọ́ sínú mọ́sálásí àti ilé rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà ó ń bẹ àwọn tó wá pa wọ́n.

Àmọ́ kò tọ́ ká sọ pé àwọn Boko Haram kàn hùmọ̀ ìtumọ̀ wọn. Nínú àwọn onímọ̀ ìgbàanì, àwọn kan sọ pé ẹsẹ 5 yìí ti fagi lé ọ̀pọ̀ ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ àlàáfíà, àwọn mìíràn sì kọ̀ jálẹ̀. Àríyànjiyàn náà ti wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn àáfà ló gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn, nítorí Kírísítẹ́nì tó bá ń túmọ̀ Kùránì fún Boko Haram kò ní rí ẹni gbọ́ ọ. Sheikh Ja'afar Mahmud Adam, tí Mohammed Yusuf tó dá Boko Haram sílẹ̀ ti jẹ́ ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kọjú sí i ní gbangba. Wọ́n yìnbọn pa sheikh náà níbi ìrun àsùbáà ní Kano ní oṣù kẹrin ọdún 2007. Súrà kejìlélógún, ẹsẹ 40, ka ilé ìjọsìn tí Ọlọ́hun kò fẹ́ kí wọ́n wó: ilé àwọn anìkàngbé, ṣọ́ọ̀ṣì, sínágọ́gù, mọ́sálásí. Boko Haram ju bọ́ǹbù sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ní Madalla, lẹ́bàá Suleja, lọ́jọ́ Kérésìmesì 2011. Lọ́jọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2014, bọ́ǹbù dún ní mọ́sálásí ńlá ìlú Kano, ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó kú.

Ní ti àlàáfíà, 2 Àwọn Ọba 6 ni wọ́n fẹ́ràn láti fi wàásù rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Síríà wá mú Èlíṣà, ojú wọn fọ́, ó sì mú wọn wọ àárín Samáríà. Ọba Ísírẹ́lì béèrè lẹ́ẹ̀mejì pé, "Baba mi, kí n pa wọ́n bí?" Èlíṣà ní rárá, kí wọ́n fún wọn ní oúnjẹ àti omi. Wọ́n sè fún wọn, wọ́n jẹ, wọ́n lọ, ẹgbẹ́ àwọn akónilẹ́rù Síríà kò sì wá sí ilẹ̀ náà mọ́. Ẹsẹ 23 nìyẹn. Ẹsẹ 24 ní lẹ́yìn èyí, ọba Síríà kó gbogbo ogun rẹ̀ jọ, ó sì dó ti Samáríà. Ẹni tó kọ ìwé náà fi ẹsẹ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kò tijú.

Ohun tí wàásù kì í sábà sọ ni pé ọwọ́ ọba ni àwọn èèyàn náà wà kí wọ́n tó jẹun. Wọn kò lè jà mọ́. Ní ọdún 2019, Katsina àti Zamfara bá àwọn agbébọn ṣe àdéhùn ìdáríjì. Ní ọdún 2020, Masari ní òun ti jáwọ́, torí wọn kò mú ìlérí wọn ṣẹ. Ìbọn àwọn agbébọn kò kúrò lọ́wọ́ wọn. Ikọ̀ wọn pọ̀, olórí ikọ̀ kan kò lè fọwọ́ síwèé fún òmíràn. Ẹni tí kò lè jalè ní ìpínlẹ̀ tó ti fọwọ́ síwèé á sọdá sí ìpínlẹ̀ kejì. Oúnjẹ dé, àmọ́ àwọn àlejò kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Àdéhùn Hudaybiyya ti ọdún 628 fi ohun tó kù hàn. Ànábì Muhammad àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń lọ ṣe Úmúrà, àwọn Kuraeṣi, ẹ̀yà tó ń ṣàkóso Mẹ́kà, dá wọn dúró. Suhayl ọmọ Amr wá ṣojú Mẹ́kà. Ó ní kí wọ́n má kọ "Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun" síwájú orúkọ Muhammad, Ànábì sì gbà kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n máa padà lọ́dún yìí, wọ́n á wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ará Mẹ́kà tó bá sá wá sí Mẹ̀dínà láìgba àṣẹ, wọ́n á dá a padà. Ìjà á dúró fún ọdún mẹ́wàá. Wọn kò tí ì kọ ọ́ tán tí Abu Jandal, ọmọ Suhayl fúnra rẹ̀, fi wọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dé, tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí àwọn Mùsùlùmí gba òun. Wọ́n dá a padà. Inú bí Umar, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, ó sì sọ ọ́ jáde. Kò pé ọdún méjì tí àwọn tó wà lẹ́yìn Kuraeṣi fi kọlu àwọn tó wà lẹ́yìn Ànábì, àdéhùn sì tú. Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ló mọ ẹni tó yẹ̀ ẹ́, nítorí ó wà lákọsílẹ̀, ó ní iye ọdún, ó sì ní orúkọ ẹni tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì.

Róòmù 12 ní kí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ má gbẹ̀san, kó bọ́ ọ̀tá rẹ̀ tí ebi ń pa. Orí 13 gbé idà lé ìjọba lọ́wọ́. Apá méjèèjì ló gbé ara wọn ró, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi wọ́ ní Àríwá: idà tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ fi sílẹ̀, ẹni tó yẹ kó gbé e kò sí nítòsí. Kò sí ẹni tí èyí dùn tó ìjọ EYN, ìyẹn Ekklesiyar Yan'uwa a Nigeria, tí àwọn míṣọ́nnárì Brethren dá sílẹ̀ ní Garkida ní ọdún 1923. Ìjọ tí kì í gbé ohun ìjà ni láti ìpilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọbìnrin 276 tí wọ́n jí ní Chibok lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 2014 jẹ́ ọmọ ìjọ yìí. Ní òpin oṣù kẹwàá ọdún náà, Boko Haram gba Mubi àti Kwarhi tí orílé-iṣẹ́ wọn wà. Wọ́n sá, wọ́n tún padà, wọ́n sì ń wàásù àlàáfíà síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ké sí ìjọba pé kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Ní Kaduna, Lémọ́ọ̀mù Muhammad Ashafa àti Pásítọ̀ James Wuye, tí àwọn méjèèjì ti darí àwọn ọ̀dọ́ tó ń jà rí, dá ilé-iṣẹ́ ìlàjà sílẹ̀ ní ọdún 1995. Apá ọ̀tún Wuye ti bá rògbòdìyàn ọdún 1992 lọ, Ashafa sì pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ méjì. Wuye á fa Bíbélì yọ fún àwọn Kírísítẹ́nì, Ashafa á fa Kùránì yọ fún àwọn Mùsùlùmí, ìyẹn ni wọ́n fi ń rí etí gbọ́. NIREC, ìgbìmọ̀ àwọn olórí Kírísítẹ́nì àti Mùsùlùmí tó wà ní Abuja láti ọdún 1999, náà ń ṣe tirẹ̀, àmọ́ ìwé tí wọ́n bá fọwọ́ sí ní òtẹ́ẹ̀lì Abuja máa ń pẹ́ kó tó dé abúlé, bó bá dé rárá.

Ní abúlé, Jẹ́nẹ́sísì 26 ló wúlò jù. Àwọn darandaran Gérárì bá darandaran Ísáákì jà lórí kànga. Ó fi èyí àkọ́kọ́ sílẹ̀, ó fi èkejì sílẹ̀, ó gbẹ́ ẹ̀kẹta, kò sì sẹ́ni tó bá a jà sí i. Lẹ́yìn náà ni Ábímélékì ọba Gérárì wá pẹ̀lú olórí ogun rẹ̀, wọ́n jẹun, wọ́n sì búra fún ara wọn ní kùtùkùtù. Ísáákì rí ibi tó ṣófo sún sí. Àgbẹ̀ Benue kò ní kànga kẹta, ilẹ̀ ti kún. Benue fi òfin de dída ẹran lọ ní gbangba ní ọdún 2017, síbẹ̀ wọ́n pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Yelwata ní oṣù kẹfà ọdún 2025. Ohun tó kù ni ìbúra kùtùkùtù náà, tí a kọ sílẹ̀: ọjọ́ tí màlúù lè wọ oko lẹ́yìn ìkórè, ibi tí ọ̀nà ẹran gbà pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ọmọdé má da ẹran, kí ẹnikẹ́ni má dà á lóru, àgbẹ̀ kan, ardo kan (olórí àwọn darandaran Fúlàní) àti òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan tí wọ́n á jọ wo oko tó bá bàjẹ́, àti iye ọjọ́ tí ẹni tó jẹ̀bi ní láti fi sanwó. Èyí tó máa ń tú u ni pé ardo tó fọwọ́ síwèé, àwọn darandaran àdúgbò nìkan ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ń ti òkè Àríwá sọ̀ kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ìyẹn ni àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi ń fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn ardo tó wà lójú ọ̀nà wọn kí òjò tó dáwọ́ dúró, kí ẹran tó gbéra.